Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú níwájú adájọ́: láti Òfíkì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ta ló ń sanwó rẹ̀?

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní Òfíkì láàárín ẹni méjì tí orí wọn pé, gbogbo ìlú ló mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà. Baálé ilé á kọ́kọ́ dá sí i. Bí kò bá níyanjú, ó di ọ̀dọ̀ ọba àti àwọn ìjòyè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀, ó di ti ọlọ́pàá, ó di ti kóòtù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹni tó yọ àdá sí ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé orí rẹ̀ kò pé mọ́, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń fi oko sílẹ̀ lọ sùn sábẹ́ igi, ọ̀nà yẹn á dojú rú. Ọlọ́pàá á mú un, wọ́n á gbé e lọ síwájú adájọ́, adájọ́ á sì rí i pé ọkùnrin náà kò mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Láti ọjọ́ náà lọ, ó lè pẹ́ ní àhámọ́ ju iye ọdún tí wọn ì bá dá fún un lọ ká ní ó jẹ̀bi.

Ìbéèrè tó yẹ kí ará ìlú máa béèrè ni pé owó ta ni wọ́n fi ń bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń dúró. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: owó ìlú ni. Èyí tó tún wá burú jù níbẹ̀ ni pé owó náà ń jáde lójoojúmọ́, síbẹ̀ ìtọ́jú kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì sábà máa ń da méjèèjì pọ̀. Èkíní: lọ́jọ́ tí ẹni náà ṣe ohun tó ṣe, ṣé orí rẹ̀ pé? Abala 28 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní apá Gúúsù ilẹ̀ yìí sọ pé ẹni tí àrùn ọpọlọ kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe, tàbí tí kò jẹ́ kó mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é, tàbí tí kò jẹ́ kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kò jẹ̀bi ohun tó ṣe. Èkejì: lónìí tó dúró níwájú adájọ́, ṣé ó lóye ẹjọ́ tí wọ́n pè é, ṣé ó sì lè bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀ débi tí yóò fi lè gbèjà ara rẹ̀? Ẹni kan lè ti ya wèrè lọ́jọ́ tó ṣẹ̀, kí ara rẹ̀ sì ti yá kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn lè gbádùn pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, kó jẹ́ pé inú àhámọ́ gan-an ni ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Bí ìbéèrè kejì yìí kò bá tíì ní ìdáhùn, ẹjọ́ kò lè tẹ̀ síwájú, dókítà tó mọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ni kóòtù sì ń gbójú lé láti ràn án lọ́wọ́ kó lè dáhùn rẹ̀.

Òfin àtijọ́ tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn fún adájọ́ láṣẹ láti ní kí wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti lè máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, fún àkókò tí kò gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ. Òfin tuntun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 kò kúrò lórí oṣù kan náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2016. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹni náà kò lè jẹ́jọ́, tí ẹ̀sùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n lè gba bélì rẹ̀, adájọ́ lè fi í lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n bá rí onídùúró tó tó, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ẹ̀sùn náà bá wúwo, bíi ti ìpànìyàn, ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba ìpínlẹ̀, gómìnà ni yóò sọ ibi tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tí kóòtù bá sì rí i ní ìparí ẹjọ́ pé òun ló ṣe é ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò pé nígbà náà, wọ́n á fi í pa mọ́ títí di ìgbà tó bá wu gómìnà. Kò sí ọjọ́ kan pàtó níbẹ̀. Olè tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún mọ ọjọ́ tí yóò rí ilé, ẹni tí òfin sọ pé kò jẹ̀bi kò mọ tirẹ̀.

Oṣù kan tí òfin sọ yìí dára lórí ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà náà ná. Òfíkì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Tedé. Ṣakí ni ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé ẹjọ́ tó bá le lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìpínlẹ̀ náà gbójú lé wà ní Agodi n'Ìbàdàn, ní Abólóńgò nílùú Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn dókítà àrùn ọpọlọ wà ní Ìbàdàn, ní UCH àti ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀. Àmọ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì àrùn ọpọlọ, Àró, Abẹ́òkúta ló wà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó ṣẹ̀ ní Òfíkì lè dúró síwájú adájọ́ ní Ṣakí, kó máa sùn ní Abólóńgò, kí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò sì wà ní Àró. Kí wọ́n tó lè gbé e lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mọ́tò gbọ́dọ̀ wà, epo gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò, wọ́dà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní ààyè. Bí dókítà bá kọ ìwé àyẹ̀wò tán, ó tún lè di dandan kó wá ṣàlàyé rẹ̀ ní kóòtù. Bí ọ̀kan nínú gbogbo èyí bá yẹ̀, adájọ́ á sún ẹjọ́ síwájú. Àwọn dókítà àrùn ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò pọ̀, àwọn fúnra wọn ti ń sọ ọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún pé iye àwọn kò tó 300 fún èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí òkè òkun.

Lẹ́yìn náà ni owó ilé ìwòsàn. Òfin sọ pé kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ adájọ́ kì í ṣe owó. Ilé ìwòsàn ìjọba ń gba owó bẹ́ẹ̀dì, ó ń gba owó oògùn, ó sì ń gba owó àyẹ̀wò. Àjọ tó ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n lè sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló pe ẹjọ́, òun ni kó san án. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjèèjì lè yíjú sí ẹbí, ẹbí sì lè jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà. Níbi tí wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni aláìsàn wà, nítorí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ni kì í béèrè owó àsansílẹ̀ kí ó tó gba èèyàn wọlé.

Kí á wá ṣírò rẹ̀. Títí di ọdún 2024, 750 náírà ni ìjọba àpapọ̀ ń fi bọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́. Lọ́dún náà ni wọ́n sún un sí 1,125 náírà. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ nìyẹn o, ẹni tó bá ń lọ sọ́jà mọ ohun tí iye bẹ́ẹ̀ lè rà. Bí a bá fi ọjọ́ 365 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 410,625 náírà lọ́dún fún ẹnì kan. Ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún dúró de àyẹ̀wò tí òfin ní kó parí láàárín oṣù kan ti jẹ 2,053,125 náírà nínú owó ìlú. Oúnjẹ nìkan la ṣírò. Owó oṣù wọ́dà kò sí níbẹ̀, owó epo mọ́tò kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye àkókò tí adájọ́, akọ̀wé kóòtù, ọlọ́pàá àti ẹlẹ́rìí fi ṣòfò nígbà tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n tún dìde lórí ẹjọ́ kan náà. Ní ìparí ọdún márùn-ún náà, wọn kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, àìsàn rẹ̀ sì ti gbilẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ẹ̀sùn kan wà tó mú kí ìṣírò yìí dà bí àwàdà. Ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú, abala 327 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé ọ̀daràn ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì ju ọdún kan lọ. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn mọ ohun tí oògùn apako máa ń ṣe nínú ilé tí ìbànújẹ́ bá wà. Ẹni tó mu ún tí wọ́n rí gbà là kì í ṣe ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé lọ sí àhámọ́, aláìsàn ni. Bí wọ́n bá gbé e lọ, tí adájọ́ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, tí àyẹ̀wò náà sì pẹ́ tó ọdún méjì, ìlú ti ná 821,250 náírà sórí oúnjẹ rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ. Ní ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ pé kí wọ́n wá ọ̀nà láti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwà ọ̀daràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn tó ń dúró kò tó nǹkan, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abólóńgò ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2021. Àwọn agbébọn ya wọ ibẹ̀, wọ́n fi àdó olóró fọ́ ògiri. Nínú iye tí àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ kéde lẹ́yìn náà ni ìlú ti mọ̀ pé 907 ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti pé 64 péré nínú wọn ni kóòtù ti dá lẹ́jọ́. Àwọn 843 yòókù ń dúró de ẹjọ́. Ìyẹn ni pé nínú ẹni mẹ́rìnlá tí ìlú ń bọ́ níbẹ̀, mẹ́tàlá ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ọpọlọ ń sọnù sí. Ẹni tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa kò lè rán ẹnikẹ́ni létí pé ọjọ́ ẹjọ́ òun ti kọjá.

Kì í ṣe òní ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó ló ṣí ilé wèrè Yábàá ní Èkó ní ọdún 1907, nígbà tí ọdún 1916 sì dé, wọ́n ṣe òfin kan lórí àwọn wèrè. Òfin náà kò bìkítà fún ìwòsàn, ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni bí wọn yóò ṣe kó wọn kúrò ní ìta. Níbi tí kò bá sí ilé wèrè, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó wọn sí. Ní Abẹ́òkúta, Lántòrò tí wọ́n sọ di ilé ìtọ́jú àwọn ọlọ́pọlọ dídàrú ní ọdún 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni. Ẹni tó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró ní ọdún 1954. Lámbò kò dúró de ìgbà tí wọn yóò kọ́ ilé ńlá. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gba oògùn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko bó bá ṣe ṣeé ṣe. Ó tilẹ̀ pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Owó tí ìlú ń ná sórí irú ètò bẹ́ẹ̀ kéré, nítorí ilé àwọn ará abúlé ni wọ́n ń gbé, ẹbí ló sì ń ṣètọ́jú wọn. Ó ju àádọ́rin ọdún lọ báyìí, èèyàn ṣì ń retí irú rẹ̀ ní Òkè-Ògùn.

Àwọn kan tún wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rárá. Ẹgbẹ́ Amnesty International tó lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá ní Nàìjíríà ní ọdún 2007, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, bá irú wọn pàdé. Àwọn ẹbí ló mú wọn wá pé apá àwọn kò ká wọn mọ́. Ó rọrùn láti bú irú ẹbí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá rí i rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọkùnrin tó ń fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, tó ń lé àwọn ọmọdé kiri pẹ̀lú igi, tí kì í jẹ́ kí ará ilé sùn lóru, bí owó ilé ìwòsàn kò bá sí, ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ? Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé oníṣègùn tàbí sí ilé àdúrà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Human Rights Watch tó wo ibi méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá láàárín ọdún 2018 sí 2019 rí àwọn tí wọ́n fi irin dè mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ilé ẹ̀sìn, àti ní àwọn ibi tí ìjọba ń ṣe àkóso rẹ̀ pàápàá.

Àwọn tó lówó jù wá lọ kò tíì bọ́ nínú ìṣòro àyẹ̀wò yìí. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń pẹ́ ní àhámọ́ kí dókítà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 2015, adájọ́ kan níbẹ̀, Marsha Pechman, pàṣẹ pé ọjọ́ méje péré ni ìjọba ní láti fi yẹ̀ wọ́n wò. Kóòtù tó ga ju tirẹ̀ lọ dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì wá di ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìjọba kò lè ṣe é, ni owó ìtanràn bá ń gun orí ara wọn, tó fi di pé ní ọdún 2023 adájọ́ náà ní kí wọ́n san ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Owó tí wọn kò tètè fi wá dókítà àti bẹ́ẹ̀dì, ìtanràn ló wá gbé e lọ. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1972, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ nínú ẹjọ́ Jackson, ọkùnrin kan tó yadi tó sì dití, pé kò tọ̀nà kí wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé láìní òpin nítorí pé kò lè jẹ́jọ́ nìkan. Bí kò bá sí ìrètí pé yóò gbádùn, kí wọ́n gbé e gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbé aláìsàn yòókù gbà, tàbí kí wọ́n dá a sílẹ̀.

Nílé níbí, òfin tuntun kò wọ́n wa. Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ó yí orúkọ àjọ náà padà, ó sì fún ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti kọ̀ láti gba èrò kún èrò bí ibẹ̀ bá ti kún. Ti ìlera ọpọlọ, tí wọ́n pè ní ti ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2023. Òun ló pa òfin wèrè ayé òyìnbó rẹ́, ó ní kí ẹ̀ka kan wà fún ìlera ọpọlọ ní iléeṣẹ́ ètò ìlera, kí àpò owó kan sì wà fún un. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àtúnṣe òfin ilẹ̀ yìí gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn. Ìpínlẹ̀ kò tún lè máa sọ pé ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò kan òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lè dín owó yìí kù kò nílò òfin mìíràn. Ó rọrùn láti gbé dókítà kan lọ sí Abólóńgò lẹ́ẹ̀kan lóṣù kó yẹ ẹni mẹ́wàá wò lọ́jọ́ kan, ju kí wọ́n máa gbé ẹni mẹ́wàá lọ sí Abẹ́òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti dá ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Àmọ́ ìdásílẹ̀ nìkan kò tó, ẹni tó bá sì sọ pé ó tó kò tíì dé abúlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun lè dá bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Amnesty ṣì bá a pé ìpín 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà ní àhámọ́ kò tíì gba ìdájọ́. Bí wọ́n bá sì dá aláìsàn sílẹ̀ láìsí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò gbà á sílé ní Òfíkì? Ẹbí ẹni tó ṣá ládàá ṣì wà ní àdúgbò kan náà. Àwọn náà kò rí ìdájọ́ gbà, wọn kò rí owó ìtọ́jú ọgbẹ́ gbà, ohun tí wọ́n kàn rí ni pé ọkùnrin náà tún ti ń rìn bọ̀ ní ọ̀nà oko. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ déédéé yàtọ̀ gédégédé sí èyí tí wọ́n tì mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìtọ́jú, oògùn náà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ní Ṣakí tàbí ní Tedé, kì í ṣe ní ibi tí owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò jẹ owó oògùn.

Fún ẹbí tó bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, ohun kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ tí àwọn ará oko kì í sábà gbọ́. Òfin gbà pé orí olúkúlùkù pé títí ẹnì kan yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò pé, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni ẹrù ẹ̀rí náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan ni kóòtù ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tó bá a gbé lè wúlò: ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń ṣe, ibi tí wọ́n ti gbé e lọ rí, bóyá irú rẹ̀ ti wà nínú ìdílé. Káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n gbà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwé tí wọ́n fi ra oògùn, kódà ike oògùn tó ti ṣófo tí orúkọ aláìsàn wà lára rẹ̀, kí wọ́n má ṣe sọ wọ́n nù. Kí wọ́n fi wọ́n sínú ọ̀rá, kí òjò má baà pa wọ́n, kí ẹni kan ṣoṣo nínú ilé sì máa tọ́jú wọn, nítorí pé lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá dé, ìwé wọ̀nyí ni agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ béèrè.